Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

"Mẹ́sàn-án," ni ọkọ mi wí bó ṣe ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà rẹ̀. "Ìbídùn á kọ mẹ́sàn-án lónìí. Wo bí omi ṣe rí."

N kò wo omi. Òun ni mo ń wò. Ọkùnrin tó jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó mu ẹ̀kọ tí mo fọwọ́ ara mi pò, orúkọ obìnrin mìíràn ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Kì í ṣe pé ó ń bá a ṣe ohun tí kò dáa o. Ìyẹn ì bá tilẹ̀ sàn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ja irú ìjà yẹn. Nọ́ńbà Ìbídùn ló fẹ́ràn. Olùwọ̀n tó ń fi nọ́ńbà sọ bí omi á ṣe rí ni èmi náà, inú Ilé Ìwọ̀n kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́, tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀. Síbẹ̀, Orímisan ọkọ mi, tó ń fi ọkọ̀ kó èrò kọjá ọ̀sà, kì í tú okùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí Ìbídùn sọ.

"Èmi ńkọ́?" mo bi í. "Kí lẹ rò pé èmi á kọ?"

"Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mẹ́fà. Ìgbà wo ni kì í ṣe mẹ́fà?"

Inú bí mi gan-an ni. Ohun tó fi bí mi tó bẹ́ẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn náà ni mo tó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tó kẹ́yìn àsìkò òjò ni, a kì í kọjá ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀n nìkan là ń ṣe, kí a lè parí ìṣirò máàkì tí olùwọ̀n ń gbà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe sún mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Níbo lẹ ń lọ tí ẹ fi wọ bàtà omi?"

"Mo ń kó èrò lọ sí òdìkejì. Ìjì ti há wọn mọ́bí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ará èbúté ti fún mi láyè, bí ẹ̀rọ Àpapọ̀ bá ti lè ṣí ṣẹ́ẹ̀nì èbúté."

Mo mú ìborùn mi, mo sì tẹ̀ lé e jáde.

Ẹni tí kò bá mọ Àtúntẹ̀dó, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún un. Orí ẹsẹ̀ irin ni gbogbo ìlú wa dúró lé, omi lókè, omi nísàlẹ̀. Ìlú tí a ní tẹ́lẹ̀ ti rì. Àwọn àgbà ìgbà náà ló sọ fáwọn èèyàn pé odi tó dá òkun dúró kò lè wó láéláé, wọ́n ní dájúdájú ni. Odi wó. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, wọ́n fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé "dájúdájú" níta gbangba. Ìdá mélòó nínú mẹ́wàá lo rò pé nǹkan á fi ṣẹ? Nọ́ńbà yẹn ni kí o sọ. Láti oókan dé mẹ́sàn-án ni. Òdo àti mẹ́wàá, Ọlọ́run ló ni wọ́n.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ìyàwó atukọ̀," ni ìyá ẹlẹ́ja kan kí mi lórí afárá, apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wà lórí rẹ̀. "Ìdá mélòó lónìí?"

"A ò tíì wọ̀n ọ́n, ìyá."

"A máa lọ ni. Dájúdá..." Òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ké pìì. Ìyá yára fọwọ́ bo ẹnu. "Mẹ́sàn-án ni o! Mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ sọ." Òpó dákẹ́, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Orímisan náà rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí mo gbé mọ́kàn láti àná.

Aléfòó mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀sà. Ẹ̀rọ ni wọ́n, wọ́n ń léfòó lójú omi, wọ́n sì ní etí tó ń gbọ́ ìjì kó tó dé. Ní irú àsìkò yìí, bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé omi á tòrò títí di ìrọ̀lẹ́, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ṣẹ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, tí ẹnìkan ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkejì, ó di mẹ́sàn-án. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n lánàá, mo wọ ọkọ̀ Bọ̀dá Lúyì lọ ra edé lẹ́nu ọ̀sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló ń tún àwọn aléfòó ṣe. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣí ìkejì tó bá a pé iyọ̀ ti jẹ etí rẹ̀. Ó ṣí ìkẹta, bákan náà. Kò ní etí tuntun lọ́wọ́. Ló bá fa wáyà láti ara èkíní sí àwọn méjì tó kù, kí wọ́n lè máa sọ ohun tí èkíní bá sọ.

"Títí di ọjọ́ Ajé ni," ó wí. "Bí n kò bá ṣe é báyìí, iná pupa á tàn, wọ́n á sì ti èbúté pa. Morádékẹ́, jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí."

Kò mọ ohun tó ṣe. Ẹlẹ́rìí kan ló wọ̀ lẹ́wù mẹ́ta. Ẹni tó bá wo ojú ẹ̀rọ á rí mẹ́ta tó ń fohùn ṣọ̀kan, á sì kọ mẹ́sàn-án, níbi tó yẹ kó ti kọ mẹ́fà.

Òfin wa ní kí olùwọ̀n tó bá mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sọ ọ́ ní Ilé Ìwọ̀n kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò lọ. Mo gbé edé mi relé, mo dín in, mo sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Kí nìdí? Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù nírọ̀lẹ́ òní ni yóò jókòó sórí àga Olórí Olùwọ̀n. Mo fi bíńtín ju Ìbídùn lọ. Èmi tó ń kọ mẹ́fà, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́fà láti ọjọ́ yìí wá, mi ò ṣubú rí. Òun ń kọ mẹ́sàn-án, ó ń kọ oókan, ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bó bá kọ mẹ́sàn-án lónìí tí ìjì sì jà, yóò ṣubú yakata lójú gbogbo ayé. Mo fẹ́ kó ṣubú. Ẹ má wò mí báyẹn. Mo rò pé kò ní sí ọkọ̀ kankan lójú omi, pé kò sẹ́ni tí yóò fara pa àyàfi ìgbéraga ọmọdé kan. Ìgbéraga yẹn pàápàá, bóyá èmi ni mo gbé e wọ̀ ọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé èbúté, mo di ọkọ mi lápá mú.

"Bàbá Ìmísí, ẹ má lọ lónìí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Olùwọ̀n kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mọ̀ fún ẹnikẹ́ni níta Ilé Ìwọ̀n kó tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. "Méjì nínú àwọn aléfòó ti di adití. Ohùn ẹyọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ìdá mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án."

Ó dúró. Mo rò pé ó ti gbọ́ mi.

"Ìbídùn mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹni tó tún un ṣe."

"Ìwọ nìkan ni olùwọ̀n tó mọ̀," ó wí, "lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan olórí." Ojú tó fi ń wò mí kì í ṣe ti ìbínú. Àánú ni. Ì bá sàn kó gbá mi létí. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ò bá ti sọ ọ́ lánàá. Olùwọ̀n tó bá mọ̀ tí kò sọ, ṣé wọn kì í gba òrùka òǹtẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Mo tẹjú mọ́ bàtà omi ẹsẹ̀ rẹ̀.

"O rí i. Morádékẹ́, owú yìí á pa ọ́."

"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru."

"Òkun wo ló ń hó?" Ó nàka sí ọ̀sà. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú abọ́. "Èrò ń dúró dè mí. Wọ́n ti jẹ gbogbo oúnjẹ ọwọ́ wọn tán." Ó gbá mi léjìká jẹ́jẹ́. "Mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ràn rẹ. Lọ síbi iṣẹ́."

Mẹ́sàn-án yìí náà ló sọ lọ́jọ́ tí a ṣe ìgbéyàwó, gbogbo ẹbí hó yèè. Bó ṣe ń lọ, mo rí i tó gbójú sókè wo ògiri èbúté, níbi tí máàkì gbogbo wa ti ń tàn. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá. Kò wò ó. Ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Nínú Ilé Ìwọ̀n, Ìbídùn ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bó ti máa ń ṣe. Ó ti bu omi tútù sínú kọ́ọ̀bù mi, ó sì fi àwo kékeré dé e nítorí eṣinṣin.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn."

"Ó ga o, pé òní ló máa parí. Èwo ló wù kó jẹ́ nínú àwa méjèèjì, inú mi á dùn."

Ẹ gbọ́ o. Inú rẹ̀ á dùn. Ó sì dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Bó bá jẹ́ aláfojúdi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ọmọ náà ní ìwà, ó lẹ́wà, ó gbọ́n, eyín rẹ̀ tún ní èjí.

Agogo lù. Aṣọ ìkélé sọ̀ kalẹ̀ láàárín tábìlì méjèèjì, nítorí a kò gbọ́dọ̀ rí ara wa nígbà tí a bá ń tẹ nọ́ńbà. Ojú gíláàsì tàn níwájú mi. Aléfòó mẹ́ta ní orí ìlà mẹ́ta, gbogbo wọn ń sọ pé: yóò tòrò, yóò tòrò, yóò tòrò. Nísàlẹ̀ wọn ni nọ́ńbà oókan sí mẹ́sàn-án wà tí mo lè gbé òǹtẹ̀ ìka mi lé.

Bí Àpapọ̀ ṣe ń ṣe kò le. Ó máa kó nọ́ńbà àwa méjèèjì pọ̀, ó máa pín in sí méjì. Bó bá pé méje, ṣẹ́ẹ̀nì èbúté á ṣí fúnra rẹ̀. Bí kò bá pé méje, ọkọ̀ ò lọ. Mẹ́sàn-án Ìbídùn àti mẹ́fà mi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlàjì rẹ̀ jẹ́ méje àbọ̀. Ṣẹ́ẹ̀nì á ṣí. Bí mo bá kọ márùn-ún, méje géérégé ni. Á ṣì ṣí. Mẹ́rin sísàlẹ̀ nìkan ló lè dì í mú.

Ṣùgbọ́n mẹ́rin kì í ṣe òótọ́. Mẹ́fà lòótọ́. N kò rí ìjì kankan, n kò sì lè sọ pé mo rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọ́n bá fún mi ní irú òwúrọ̀ yìí mẹ́wàá, nínú mẹ́fà, ọkọ mi á padà wálé, á máa bi mí léèrè oúnjẹ. Nínú mẹ́rin tó kù, ìjì á bá a láàárín ọ̀sà. Èwo nínú mẹ́wàá ni òwúrọ̀ òní? Nọ́ńbà kì í sọ ìyẹn fún èèyàn. Ọdún tí mo ti ń wọ̀n kì í ṣe kékeré, n kò tíì bínú sí nọ́ńbà rí tó bí mo ṣe bínú sí i láàárọ̀ yẹn.

Bí mo bá kọ mẹ́fà tí omi sì tòrò, àga ni tèmi, nítorí bíńtín tí mo fi jù ú lọ á ṣì gbè mí. Bí mo bá kọ mẹ́fà tí ìjì sì jà, àga ni tèmi, Ìbídùn á ṣubú bí mo ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́, èmi á sì di opó. Bí mo bá kọ mẹ́rin tí omi sì tòrò, ó tán nìyẹn. Ọ̀nà kan tún wà. Mo lè dìde, kí n ké sí wọn pé kí wọ́n dá ìwọ̀n dúró, kí n sọ ohun tí mo mọ̀ láti àná. Wọ́n á gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á wọ́gi lé nọ́ńbà àárọ̀ yìí, Ìbídùn á sì wọlé jókòó sórí àga láìṣubú, láìfara pa. Ìyẹn ni n kò lè ṣe. Mo gbìyànjú kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde. Kò gbé mi.

Mo gbé òǹtẹ̀ lé mẹ́rin.

"Mẹ́fà àbọ̀," ni Àpapọ̀ wí láti inú ògiri. "Ọkọ̀ kò lọ."

Mo gbọ́ bí àwọn èrò ṣe kọ háà níta. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó sójú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìjì, bí àgàn ṣe ń gbàdúrà fún ọmọ. Ìjì díẹ̀, kó kàn fẹ́ fìlà lórí èèyàn. Kó gbé ìgbì kan ṣoṣo kọjá afárá, kí Orímisan rí i, kó sọ pé háà, ìyàwó mi. Oòrùn gòkè. Oòrùn yẹ̀. Ewé kan ò mì. Àwọn ẹyẹ wá ń wẹ̀ lójú omi, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀sín.

Nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ lù, orúkọ wa pààrọ̀ ààyè lára ògiri. Tèmi bọ́ sísàlẹ̀. Wọ́n hó fún Ìbídùn. Ìyá ẹlẹ́ja ló ń pariwo jù, ó ní ẹja òun ti rọ̀, ó ní ta ló ń ṣe irú ìwọ̀n yẹn. Ẹnìkan dá a lóhùn pé, "Ìyàwó atukọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Kò fẹ́ kí nọ́ńbà ọmọ yẹn ṣẹ ni. Owú ni." Orímisan jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò lọ síbì kankan, ó ń ká okùn. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Kò gbójú sókè.

Èmi nìkan ló kù nínú Ilé Ìwọ̀n nígbà tí Ìbídùn wọlé. Mo rò pé ayọ̀ ló gbé e dé. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé orúnkún, ìyanrìn wà lápá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ẹnu ọ̀sà bọ̀. Mo lọ wo àwọn aléfòó."

"Kí ló gbé ọ débẹ̀?"

"Mẹ́rin yín ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, ẹ kò lọ sísàlẹ̀ márùn-ún rí. Mo ní ẹni tó mọṣẹ́ tó yín, bó bá kọ mẹ́rin, ohun kan ló rí tí èmi ò rí." Ó jókòó sórí àpótí, kì í ṣe sórí ìjókòó rẹ̀. "Mo sì rí wáyà náà. Ẹlẹ́rìí kan ni mo kà sí mẹ́ta. Mo ṣìṣe. Mẹ́fà ló yẹ kí n kọ. Orí ló yọ mí."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Mo ṣìṣe. Bí ẹni ní òjò rọ̀. Láyé mi, n kò lè sọ ọ́ báyẹn, kí ohùn mi má sì yí padà. Mo tún jowú ìyẹn náà.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé mi tán. Ẹni tí kò mọ̀ nípa wáyà, á kọ mẹ́sàn-án, tàbí kó kọ méje bó bá ń ṣọ́ra. Ẹni tó mọ̀ á kọ mẹ́fà. Ta ló ń kọ mẹ́rin?"

Mo mu omi nínú kọ́ọ̀bù mi. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Ìmísí ló fẹ́ wa ọkọ̀ lónìí, àbí?"

"Òun ni."

"Ó yé mi." Ó gbọn ìyanrìn apá rẹ̀ nù. "Wọ́n máa bi mí ní ọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí, torí èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé ẹ kò mọ nǹkan kan nípa aléfòó. Pé ara kàn fu yín, ẹ kọ mẹ́rin, ẹ sì ṣìṣe. Wọn kì í gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣìṣe. Ẹni tó purọ́ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ṣìṣe. Màá gbè yín lẹ́yìn."

Mo mọ̀ pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Mo rò ó wò. Mo rí ara mi nídìí tábìlì yìí lọ́la, lọ́tùn-únla, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń bu omi sínú kọ́ọ̀bù mi, ó sì ń dákẹ́ lórí ohun tó mọ̀. Mo gbọ́ Orímisan tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun ṣìṣe ni, owú ló dí i lójú tí kò fi mọ ohun tí omi ń sọ. Gbogbo Àtúntẹ̀dó á mọ̀ pé ní ọjọ́ tí ìwọ̀n ṣe pàtàkì jù, Morádékẹ́ kò mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ọmọ yìí nìkan ló máa mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, á sì bá mi pa á mọ́, bí ẹni ń bá arúgbó pa eyín tó ti ká mọ́.

"Ìbídùn," mo wí, "mẹ́fà ni. Láti àná ni mo ti mọ̀ pé mẹ́fà ni. Mo wà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń so wáyà yẹn. Mo jókòó síbí láàárọ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì kọ mẹ́rin. N kò ṣìṣe. Ìwọ lo ṣìṣe."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí, kò sí bí mo ṣe lè..."

"Lọ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn pé èmi mọ̀, ìwọ ni kò mọ̀."

Mo bọ́ òǹtẹ̀ kúrò níka mi. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bọ́, mo fi itọ́ ra á kó tó yọ. Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ó wò ó, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Inú mi dùn.